Fọ́tò Ẹlẹ́ẹ̀kejì ti Hàwáwù

Ẹ̀bá ògiri ni Hàwáwù máa ń jókòó sí nígbàkúùgbà tí àlejò bá wọ agbo-ilé wọn ní Ìdúmàgbò. Ìyá rẹ̀, Àdìjátù olówùú, ló fi kọ́ ọ láti kékeré, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì rẹ̀ lè máa kọjú sí ògiri, kí ọ̀tún tó ń jọ̀lọ̀ lè máa kọjú sí ayé. Bí wọ́n bá sì jáde, ìborùn ni. Oòrùn ìbáà ràn, òjò ìbáà rọ̀, Hàwáwù á fi ìborùn bo orí, á fà á wá síwájú lápá òsì títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n dáadáa máa ń yìn ín pé ọmọ Mùsùlùmí gidi ni, ó mọ bí a ti ń bo ara. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í sọ nǹkan kan.

Epo àkàrà ló ṣe é. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, ó ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré kiri àgbàlá, ó kọsẹ̀ lára ààrò alákàrà, epo tó ń hó sì dà sí i láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn. Ó yè é. Ṣùgbọ́n àpá kì í jọ ara. Ibi tí epo náà gbà kọjá ká jọ, ó wú níbìkan, ó fà níbìkan, bí aṣọ tí a fọ̀ tí a kò lọ̀.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí bẹ̀rẹ̀, ó ti lé díẹ̀ lọ́mọ ọdún márùndínlọ́gbọ̀n, kò sì tíì lọ́kọ. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára fìlà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn alfa láti Òkè Pópó máa ń ránṣẹ́ sí i. Fìlà yìí náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Dáfídì.

Ará Ìjẹ̀bú ni Dáfídì, Onígbàgbọ́ ni, ọkùnrin gbọ̀ọ̀rọ̀ kan tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í dé kókósẹ̀. Ó ní sítúdíò fọ́tò ní Ìta Fájì, ó sì kọ “Ojú Lọ̀rọ̀ Wà” sí iwájú rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà. Ó wá ra fìlà tí àwọn oníbàárà rẹ̀ tí kò ní fìlà lè máa yá dé. Nígbà tó wo bí ọnà ara fìlà náà ti tò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó gbójú sókè wo Hàwáwù.

“Ọwọ́ tó ṣe èyí,” ó ní, “ṣé ó lè di lẹ́ẹ̀dì mú?”

Iṣẹ́ tó ní lọ́kàn ni iṣẹ́ títún ojú ṣe. Láyé ìgbà náà, kí a tó tẹ fọ́tò sórí pépà, a máa ń gbé fíìmù sórí gíláàsì tí ìmọ́lẹ̀ ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, a ó wá fi lẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́nu ṣóńṣó máa fọwọ́ kan ojú ẹni tó wà nínú fíìmù náà díẹ̀díẹ̀. Ojú tó hun jọ á tẹ́jú. Àpá ọgbẹ́ á pòórá. Ìyá àgbà á padà di abilékọ. Ojú Dáfídì fúnra rẹ̀ ti ń ṣú, lẹ́ẹ̀dì ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ti ń ṣàròyé pé òun ń sọ imú àwọn di méjì.

Hàwáwù gba iṣẹ́ náà, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọdé ṣe ń fẹ́ràn iyọ̀. Ní àárọ̀, kí ìyá rẹ̀ tó pàtẹ òwú, ó ti dé Ìta Fájì. Ó ń yọ rorẹ́ lójú ọ̀dọ́, ó ń yọ ìlà kúrò níwájú orí àwọn alágbà, ó ń dí àlàfo eyín tó ká. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ń fọ ojú mọ́ ju ọṣẹ lọ. Ṣùgbọ́n òun alára kò jókòó síwájú kámẹ́rà rí, Dáfídì náà kò sì fi lọ̀ ọ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Iléyá ni ohun tó yí ayé rẹ̀ padà ṣẹlẹ̀, bí ẹni ń ṣeré sì ni. Akọ̀wé kan láti wọ́ọ̀fù níbi tí ọkọ̀ òkun ń gúnlẹ̀ sí, Sùrájù lorúkọ rẹ̀, wá ya fọ́tò pẹ̀lú kóòtù àti táì. Ó na ọrùn, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó tẹjú mọ́ kámẹ́rà bí ẹni tó fẹ́ pàṣẹ fún un. Dáfídì ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó ní kó má mira, ó sì tẹ rọ́bà tí kámẹ́rà fi ń ṣẹ́jú. Rọ́bà há. Sùrájù ṣe bí wọ́n ti yà á tán, ó mí kanlẹ̀, èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni rọ́bà náà tú, tí kámẹ́rà ṣẹ́jú.

Nígbà tí Hàwáwù ri pépà bọ inú omi oògùn lábẹ́ iná pupa, tí àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í yọ, ara rẹ̀ bù máṣọ. Kóòtù náà wà níbẹ̀, táì náà wà níbẹ̀, àmọ́ ọkùnrin tó wọ̀ wọ́n ti yàtọ̀. Ẹnu rẹ̀ là díẹ̀. Ojú rẹ̀ ń wo ẹnu ọ̀nà, bí ẹni tó ń retí pé ẹnì kan ń bọ̀ wá sọ fún un pé kóòtù náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó dá Hàwáwù lójú pé ìyàwó ọkùnrin náà kò rí ojú yìí rí. Ẹ̀rù bà á. Inú rẹ̀ sì dùn. Méjèèjì pọ̀ mọ́ra wọn débi pé kò mọ èwo lòun ń gbọ̀n fún.

Dáfídì yọjú wò ó. “Ó ti bàjẹ́. A ó ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà padà. Jù ú nù.”

Hàwáwù kò jù ú nù. Ó fi sáàárín ìwé kan, ó sì ń lọ yọjú wò ó láàárín iṣẹ́, bí ẹni tó fi ẹran sínú ìkòkò. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, kò lè pa á mọ́ra mọ́.

“Ọ̀gá,” ó ní, “kámẹ́rà kékeré tó wà nínú àpótí yẹn, ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́?”

“Ó ń ṣiṣẹ́. Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Tí ẹ bá ti yà wọ́n tán, mo fẹ́ máa ya èyí tó bá ṣẹ́ kù.”

“Èyí tó ṣẹ́ kù níbo?”

“Lójú wọn, sà.”

Dáfídì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. “Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó! Ó dáa. Fíìmù tó ti pẹ́ wà nínú àpótí náà, fi ṣeré. Má ṣáà jẹ́ kí wọ́n mọ̀.”

Bí fọ́tò ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ni Hàwáwù ń dúró sí. Bí Dáfídì bá ti sọ pé, “Ó ti tán, ẹ ṣeun,” ìgbà náà ni tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn lágbára tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ “ó ti tán”, ohun tó fi ń gbé ara rẹ̀ ró á jábọ́ wọ̀ọ̀. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan tó ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni ín. Abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò kan, ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ kí ayé lè rí igẹ̀ rẹ̀, fi apá méjèèjì di ikùn mú bí ẹni tí òtútù ń mú. Alfa arúgbó kan bọ́ eyín àtọwọ́dá rẹ̀ sínú áńkáṣì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì sì wọlé lọ. Hàwáwù yà wọ́n, ó fọ̀ wọ́n, ó so wọ́n kọ́ okùn nínú yàrá òkùnkùn. Kò fi lẹ́ẹ̀dì kàn wọ́n rárá. Inú rẹ̀ ń dùn bí apẹja tí àwọ̀n rẹ̀ wúwo. Ilẹ̀ kì í tètè mọ́ lójú rẹ̀ mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀la kí Iléyá pé ni Ìyá Morufat wọlé. Àlímọ̀t lorúkọ rẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n ta ló jẹ́ pè é bẹ́ẹ̀? Òun ni àwọn ọlọ́kọ̀ Ẹ̀pẹ́ ń já ẹja yíyan fún ní Èbúté Èrò, ohùn rẹ̀ nìkan sì tó láti yí ọkọ̀ padà lórí omi. Ó wọ aṣọ àrán, ó fi ìyùn sọ́rùn, gèlè rẹ̀ dúró bí ìgbòkun. Ó jókòó sórí àga Dáfídì bí ẹni tó ni gbogbo Èkó. Dáfídì yà á. Ó sọ pé ó ti tán.

Ìyá Morufat tú gèlè. Ó ti fún un lórí ju. Àárín orí rẹ̀ ti pá, ibi tí agbọ̀n ẹja ti gùn láti ìgbà èwe rẹ̀. Ó fi ọwọ́ rá ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó wá jẹ́ kí ọwọ́ méjèèjì já sórí itan, àtẹ́lẹwọ́ sókè. Ó ń wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tí wọ́n fi sílẹ̀ ní èbúté, tí ọkọ̀ sì ti ṣí. Ìka Hàwáwù tẹ kámẹ́rà kó tó ronú.

Lẹ́yìn Iléyá, ìyá náà padà wá gba fọ́tò rẹ̀. Dáfídì ń to àwọn ẹbí kan síwájú kámẹ́rà, Ìyá Morufat kò sì mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ìdúró. Ó fa aṣọ ìkélé, ó gba inú yàrá òkùnkùn wọlé tààrà.

“Níbo ni tèmi wà?”

Kó tó di pé Hàwáwù dìde, ó ti rí i lórí okùn. Ó sún mọ́ ọn títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan pépà.

“Ta nìyí?”

Hàwáwù ti wà lórí ìkúnlẹ̀. “Ẹ̀yin ni, mà.”

“Ta ló ní kí o ya èyí?”

“Kò sẹ́ni tó ní kí n yà á, mà.”

“Mo wá síbí kí ẹ yà mí bí mo ṣe fẹ́ kí ayé rí mi.” Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, Ìyá Morufat kò pariwo. “Ìwọ wá dúró sẹ́yìn aṣọ, o jí èyí tí mo fi pamọ́ fún Ọlọ́run.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì na ìka kan sí etí ìborùn Hàwáwù. Ọwọ́ Hàwáwù yára di aṣọ náà mú gírígírí.

“O rí i?” ni ìyá náà wí. “Tìẹ ń bẹ lábẹ́ aṣọ, tèmi ń bẹ lórí okùn. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀? Ọjọ́ tí o bá ya tìẹ, kí o wá bá mi sọ̀rọ̀.”

Ó gba fọ́tò tó wá gbà, èyí tí gèlè dúró lórí rẹ̀, ó sì jáde. Kò fa èyí tó wà lórí okùn ya. Hàwáwù rí i pé ó bojú wẹ̀yìn wò ó kí ìkélé tó padà sípò.

Dáfídì bú u dé ọ̀run. “Ṣé o fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù mọ́ mi lójú ni? Bí Ìyá Morufat bá sọ̀rọ̀ kan lọ́jà, ta ni yóò tún wá síbí?” Ó gba kámẹ́rà kékeré náà, ó tì í mọ́ inú àpótí.

Ojú ti Hàwáwù, kò ṣeé sẹ́. Ó já àwọn fọ́tò náà sílẹ̀ lórí okùn, ó dojú wọn bolẹ̀. Àmọ́ bí ó ti ń rìn lọ sílé, ohun kan ń jó nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ìtìjú nìkan. Òótọ́ ni ìyá náà sọ. Ó ti ń ká ojú ènìyàn bí ẹni ń ká èso, òun fúnra rẹ̀ sì jókòó sẹ́bàá ògiri. Bí ó ti dé Ìdúmàgbò, ó ti pinnu. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì bí àyà ẹni tó fẹ́ sá lọ sí ìlú òkèèrè.

Lọ́jọ́ tí Dáfídì lọ ṣe ìnáwó ní Ìjẹ̀bú, Hàwáwù ti ilẹ̀kùn sítúdíò. Ó so rọ́bà gígùn mọ́ kámẹ́rà ńlá, ó jókòó sórí àga àwọn oníbàárà, ó ká ìborùn sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan ọrùn rẹ̀. Ó tẹ rọ́bà. Nígbà tó tẹ fọ́tò náà jáde, ohun tó rí bí i nínú. Àpá náà wà níbẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ le bí ojú ère. Ó ti ká ìborùn aṣọ kúrò, ìborùn mìíràn sì ti gba ipò rẹ̀. Ó tún un yà, ó tún un yà. Ó gbìyànjú láti sọ “ó ti tán” fún ara rẹ̀. Kò gbà á gbọ́. Ta ló lè yọ́ kẹ́lẹ́ mú ara rẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, ó mú fọ́tò Ìyá Morufat àti fíìmù rẹ̀, ó gba Èbúté Èrò lọ. Ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gúnlẹ̀, èéfín ẹja wà lára afẹ́fẹ́, àwọn aláàárù ń ké “ẹ yàgò, ẹ yàgò!” Ìyá Morufat wà lórí àpótí, ó ń bá ọlọ́kọ̀ kan jà lórí ẹja tó tutù. Hàwáwù kúnlẹ̀ sínú omi tó ń ṣàn nílẹ̀.

“Tiyín rèé, mà, pẹ̀lú fíìmù rẹ̀. Kò sí òmíràn. Ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi ṣe.”

Ìyá náà gbà wọ́n, ó sì tì wọ́n bọ àyà. “Tìẹ ńkọ́?”

“Mo yà á, kò gbà. Ẹ jọ̀wọ́, mà, ẹ wá bá mi yà á.”

“Èmi?” Ìyá Morufat gbọn ọwọ́ méjèèjì tí ìpẹ́ ẹja lẹ̀ mọ́. “Èmi tí mi ò mọ̀ ju kí n da ẹja kọ́ igi lọ?”

“Rọ́bà kan péré lẹ máa tẹ̀, mà. Ìgbà tó bá wù yín lẹ máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má sọ fún mi.”

Ìyá náà wò ó, ó tún wò ó. Ẹ̀rín wá bú jáde lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín ńlá tó mú kí ọlọ́kọ̀ tó ń bínú náà rẹ́rìn-ín láìmọ ìdí. “Afusat!” ó ké sí ẹnìkejì rẹ̀ ní ìsọ̀. “Bá mi wo ẹja o! Mo ń lọ ya fọ́tò!”

Dáfídì ti dé láti Ìjẹ̀bú. Nígbà tó rí àwọn méjèèjì tí wọ́n jọ ń wọlé, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Ìyá Morufat kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. “Bọ̀dá, ẹ bá wa to kámẹ́rà yín yìí, kí ẹ wá lọ wá nǹkan mu níta.” Dáfídì to kámẹ́rà, ó sì jáde.

Hàwáwù jókòó, ó ká ìborùn. Ìyá Morufat jókòó sórí àpótí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà, ó fi rọ́bà náà sórí itan, ó ń fi ọwọ́ kan yí i kiri bí ẹni ń yí tẹ̀sùbáà. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ọlọ́kọ̀ kan tí ẹja gbá ní etí. Hàwáwù rẹ́rìn-ín. Kò tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè iye àwọn àbúrò rẹ̀, ó béèrè irú ọbẹ̀ tó fẹ́ràn. Kò tẹ̀ ẹ́. Ọrùn Hàwáwù ti ń rọ̀.

“Hàwáwù,” ni ìyá náà pè é jẹ́ẹ́jẹ́, “ìgbà wo ni ẹnì kan fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ yẹn gbẹ̀yìn?”

Hàwáwù la ẹnu láti dáhùn. Ó wá ìdáhùn náà lọ sẹ́yìn, ó kọjá ọdún kan, ó kọjá òmíràn, kò rí nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ gbéra fúnra rẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ó sì dúró díẹ̀ sí i, bí ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kanlẹ̀kùn ilé onílé. Kámẹ́rà ṣẹ́jú.

“Ó ti tán!” ni Ìyá Morufat ké, ó fò dìde bí ọmọdé tó jẹ ayò. “Mo mú un! Mo mú un!” Ó wá, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó ń rùn ẹja lé ibi àpá náà, ó fi í síbẹ̀. Kò tètè mú un kúrò.

Inú yàrá òkùnkùn ni wọ́n jọ wà nígbà tí àwòrán náà ń yọ. Èjìká wọn kan ara wọn lórí abọ́ omi oògùn. Ojú ló kọ́kọ́ yọ, méjèèjì là gbòòrò. Lẹ́yìn náà ni ẹnu tí kò rí ọ̀rọ̀ sọ, àpá tó ká jọ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn, àti ọwọ́ tó dúró láàárín ọ̀nà. Kò lẹ́wà bí fọ́tò ìyàwó ṣe ń lẹ́wà. Ẹni tó bá wò ó á kọ́kọ́ fẹ́ gbójú kúrò, ojú rẹ̀ á sì kọ̀ láti kúrò. Hàwáwù fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó ti rí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tó yọ báyìí nínú omi, kò sì rò ó rí pé tòun náà á yọ.

“Yéè!” Ìyá Morufat gbá a lẹ́yìn. “Ìwọ rèé! Ìwọ gan-an rèé!”

“Èmi rèé,” ni Hàwáwù wí, ẹ̀rín àti ẹkún sì jọ gbọ̀nà kan náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Ara rẹ̀ kò gbà á. Bí wọ́n bá ní kó fò kọjá ọ̀sà dé Àpápá lásìkò yẹn, yóò gbìyànjú rẹ̀.

Hàwáwù ló ní kí wọ́n gbé e sójú fèrèsé. Gíláàsì ńlá kan wà níwájú sítúdíò tí Dáfídì ń to àwọn fọ́tò tó dára jù sí, àwọn ọkọ ìyàwó, àwọn olóyè, àwọn ọmọ tuntun. Dáfídì, tó ti padà wọlé, fà sẹ́yìn.

“Níbẹ̀ kẹ̀? Kí àwọn aboyún lè máa sá?”

Ìyá Morufat ki ọwọ́ bọ àyà. Ó fa fọ́tò ẹlẹ́ẹ̀kejì tirẹ̀ jáde, ó ti ká díẹ̀, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ nà án lórí tábìlì. “Ẹ gbé tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀,” ó ní. “Kí ẹ sì gbé èyí tí mo wé gèlè náà sí i. Kí wọ́n rí èmi méjèèjì. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀rọ̀ sọ, kó wá sọ ọ́ fún mi ní Èbúté Èrò.”

Ta ló lè bá a jiyàn?

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n gbé wọn síta. Bí àwọn ènìyàn ti ń ti ìrun bọ̀, ẹnì kan dúró, ẹlòmíràn dúró tì í, nígbà tó ṣe, ojú pópó ti dí, kẹ̀kẹ́ kò rí ọ̀nà gbà. “Àbí Ìyá Morufat kọ́ nìyẹn?” “Ó pá lórí!” “Ọmọ olówùú nìyí? Ṣé bí ojú rẹ̀ ṣe rí nìyí látọjọ́ yìí?” Àwọn kan ní iṣẹ́ èṣù ni, wọ́n ń sọ “àúsùbíláì” láti fi wá ààbò Ọlọ́run. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, wọn kò sì pẹ́ tí wọ́n fi dákẹ́. Ọkùnrin kan, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, dúró níwájú gíláàsì náà títí oòrùn fi yí, ó sì ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Hàwáwù wà lẹ́nu ọ̀nà, ìborùn rẹ̀ wà léjìká, kò sí lórí. Ojú rẹ̀ ń dán.

Ìròyìn dé Ìdúmàgbò kíákíá. Àdìjátù dé pẹ̀lú òwú pupa tó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó la àárín èrò kọjá.

“Hàwáwù! O tú mi síta! Ohun tí mo ti ń bò láti ọjọ́ yìí!” Ó yíjú sí Dáfídì. “Bọ̀dá, ẹ dákun, ẹ yọ ọ́ níbẹ̀.”

Dáfídì na ọwọ́ sí gíláàsì. Hàwáwù kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀, ní ojú gbogbo èrò.

“Ẹ má bínú, màámi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.”

Kò tíì bá ìyá rẹ̀ jiyàn rí láyé. Àdìjátù fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fọ́tò náà ti mú un lójú. Ó sún mọ́ gíláàsì. Ó ti pẹ́ tó ti ń to ọmọ yìí sẹ́bàá ògiri débi pé òun náà kì í wo apá ibẹ̀ mọ́. Ó wò ó báyìí, láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ dé ọrùn, ó wo ọwọ́ tó dúró láàárín ọ̀nà.

“Ṣé bó ṣe rí nìyẹn?” ó béèrè, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀.

“Bó ṣe rí nìyẹn, màámi.”

Àdìjátù ká òwú rẹ̀ mọ́ ọwọ́, ó sì padà sílé. Nígbà tó ṣe, ó ní kí Hàwáwù tẹ ọ̀kan fún òun. Ó gbé e kọ́ inú yàrá. Bí àlejò bá ń bọ̀, á dojú rẹ̀ kọ ògiri. Bí àlejò bá lọ, á yí i padà. Hàwáwù gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní ìyá òun ti rìn jìnnà.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló dùn. Àwọn òbí ìyàwó kan kò wá sí “Ojú Lọ̀rọ̀ Wà” mọ́, wọ́n ní fọ́tò ibẹ̀ ń tú àṣírí. Dáfídì ráhùn fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn ń wá, wọn kì í sì í tètè sọ ohun tí wọ́n wá ṣe. Wọ́n á ya fọ́tò tí wọ́n máa fi han ẹbí, wọ́n á wá máa fi ẹsẹ̀ fa ilẹ̀. “Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹlẹ́ẹ̀kejì?” Sùrájù akọ̀wé wà lára wọn. Obìnrin kan wá tí ọmọ rẹ̀ kú kó tó sọ ọ́ lórúkọ, ó sì ní kí wọ́n ya òun pẹ̀lú apá òfìfo. Hàwáwù kò tún dúró sẹ́yìn ìkélé mọ́. Iwájú ẹni tó fẹ́ yà ló ń jókòó sí, á béèrè àyè lọ́wọ́ rẹ̀, á sì kọ́kọ́ fi tirẹ̀ hàn án. Ó lè pẹ́ kí ẹni náà tó gbàgbé ara rẹ̀. Hàwáwù máa ń dúró.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Èkó. Wọ́n kun ilé, wọ́n ta àsíá, gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó sì tú lọ sí Marínà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Dáfídì fi kámẹ́rà kékeré náà kọ́ ọrùn Hàwáwù fúnra rẹ̀. Nígbà tí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá, tí igbe ta, tí gbogbo kámẹ́rà yíjú sí ojú títì, Hàwáwù kọ̀yìn sí títì, ó dojú kọ èrò. Ó rí ìyá àgbà kan tí wọ́n tì mọ́ ẹ̀yìn, tí kò rí nǹkan kan, tó sì ń juwọ́. Ó rí olóyè kan tí agboòrùn rẹ̀ ti yí padà. Ó rí obìnrin kan tó sunkún láìmọ ìdí.

“Kí lò ń wò?” ni ọlọ́pàá kan jágbe mọ́ ọn. “Ọ̀hún ni Ọbabìnrin wà!”

“Mo mọ̀, sà,” ni Hàwáwù dáhùn, afẹ́fẹ́ ọ̀sà sì ń fẹ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó gbé kámẹ́rà sójú, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá àgbà náà, ó sì sún mọ́ ọn láti béèrè àyè.